Ogójì Ọjọ́ Ni Ọ̀nà Òkèèrè

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ṣe ohun tí kò dáa. Ọ̀gá mi rán mi níṣẹ́ sí obìnrin kan ní Lotto. Mi ò jẹ́ iṣẹ́ náà. Mo padà wá, mo ní mo débẹ̀, mi ò bá a. Irọ́ ni. Mo débẹ̀, mo rí i láti ìta, ó ń rán aṣọ, mo sì pẹ̀yìn dà.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn. Àwọn tó mọ̀ mí ní Mowe máa ń sọ pé ilẹ̀kùn tí mo ṣí ló ba géèmù wa jẹ́. Ẹ má dá wọn lóhùn. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè sọ ìdí tí mo fi ṣí ilẹ̀kùn yẹn, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ tí mi ò jẹ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mo sì ti fẹ̀yìntì. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba, òun ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ á wà níbẹ̀. Tèmi yàtọ̀, iṣẹ́ náà ló fi mí sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe é mọ́. Ọdún méje ni mo lò nídìí rẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ jókòó, ẹ gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ kọ́ ni, ẹ ní kó wá bá mi.

Olùtọ́jú géèmù ni mí. Ọ̀gá Kúnlé, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Mowe, níbi tí ọ̀nà ti yà wọ Lotto. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni mò ń sọ yìí, tí ẹni tó bá ní i kì í fi í sápò kí àwọn èèyàn lè rí i. Àwọn kan ń wá sí ṣọ́ọ̀bù náà láti ka lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ń wá wo èsì ìdánwò. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kan wà lábẹ́ tábìlì ọ̀gá mi, a fi aṣọ bò ó nítorí eruku, ayé márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá mi ló dá wọn. Ìrìn Òfuurufú là ń pe géèmù náà. Kò ní àwòrán, ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Wàá jókòó, wàá di atukọ̀, wàá máa gbé ẹrù láàárín àwọn ìràwọ̀ láti ayé kan dé òmíràn. Ẹni tó wà ní Ibafo tàbí Arepo náà á máa ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sì máa pàdé ara yín lójú ọ̀nà.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ìwé sú mi ní kíláàsì kẹta gírámà, ìyá mi sì mọ ìyàwó ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Owó tí wọ́n ń fún mi, ẹ má bi mí.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni mi ò fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ìwé ni ọ̀gá mi kó fún mi, ìwé ẹlẹ́yìn líle méje, wọ́n fi báírò kọ gbogbo rẹ̀ lójú méjèèjì. Ìtàn àwọn ayé márùn-ún náà ló wà níbẹ̀: ẹni tó tẹ̀ wọ́n dó, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, ìkíni wọn, ogun tí wọ́n jà. Èmi tí mo sá fún ìwé nílé ẹ̀kọ́, inú ìwé ni mo tún já sí. Ní àràárọ̀ lẹ́yìn tí mo bá gbálẹ̀ tán, wọ́n á pè mí.

“Jídé, láti Ayé Olómi dé Ayé Agbẹ̀dẹ, ọjọ́ mélòó ni?”

“Ọjọ́ mẹ́fà, sà.”

“Kí ló dé tí kì í ṣe márùn-ún?”

“Ẹ ò kọ márùn-ún, sà.”

“Òpònú. Ṣé mo bi ọ́ pé kí ni mo kọ ni? Mo ní kí ló dé.”

Ìdí rẹ̀ ni pé ìgbòkun ni ọkọ̀ wa fi ń rìn, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń tì í. Bó bá ṣe ń jìnnà sí oòrùn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wúwo. Bàbá ọ̀gá mi bá rélùwéè ṣiṣẹ́ ní Ifo títí ó fi darúgbó, ìyẹn ni mo rò pé ó mú kí ọ̀rọ̀ ọ̀nà máa ká ọ̀gá mi lára tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń ní, “Nítorí pé ọ̀nà jìn ni èdè wọn fi yàtọ̀. Nítorí pé ọ̀nà jìn ni iyọ̀ fi wọ́n. Bí o bá gé ọ̀nà kúrú, irọ́ ni gbogbo ìwé tí mo kọ.”

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn, mo jìyà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà mí láyè láti máa tẹ nǹkan, mo jẹ́ kí ẹnì kan ra iyọ̀ ní Ayé Agbẹ̀dẹ, níbi tí kò sí òkun, torí pé ó bẹ̀ mí. Ọ̀gá mi kò nà mí. Wọ́n ní kí n kọ bí iyọ̀ ṣe dé ibẹ̀, ta ló gbé e, ọkọ̀ wo, àti ọjọ́ tó gbéra. Mo kọ ojú ewé mẹ́ta. Wọ́n kà á, wọ́n ní ọkọ̀ tí mo dárúkọ ti rì kí wọ́n tó bí atukọ̀ rẹ̀. Wọ́n fà á ya. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Nínú ayé márùn-ún náà, Òkèèrè ló jìnnà jù. Ogójì ọjọ́ ni, ogójì ọjọ́ tòótọ́, ti kàlẹ́ńdà. Ìwé sọ pé láyé àtijọ́, kòkòrò jẹ gbogbo oko ibẹ̀ run, wọ́n sì ké pe àwọn yòókù. Ọkọ̀ méje gbé irúgbìn, ìkankan ò dé. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá èèyàn ṣì kù níbẹ̀. Nítorí èyí, àwọn ará ayé mẹ́rin yòókù kì í jẹun tán, wọ́n á fi òkèlè kan sílẹ̀ nínú abọ́, òkèlè Òkèèrè. Àwọn oníbàárà wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn á ra búrẹ́dì, á fi èérún díẹ̀ sílẹ̀ létí tábìlì, èmi ni màá gbá a. Ẹ wá sọ fún mi pé eré lásán ni.

Bí ìrìn ṣe rí nìyí. Lójoojúmọ́, atukọ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kó kọ ìlà kan ó kéré tán sínú ìwé ọkọ̀ rẹ̀, kí ọkọ̀ lè mọ̀ pé èèyàn wà nínú òun. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò wá, ọkọ̀ ṣìnà nìyẹn, ẹrù á bàjẹ́, yóò sì tún ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbìyànjú Òkèèrè. Ẹni tó rìn jìnnà jù nínú wọn lo ọjọ́ mọ́kànlá.

Àfi Àǹtí Ròńkẹ́. Aránṣọ ni wọ́n ní Lotto, ará Ìsẹ́yìn tó wá yá yàrá kan síbẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n kọ́kọ́ wá kà lọ́dọ̀ wa, wọ́n rí àwọn tó ń ṣeré, wọ́n ní kí n fi han àwọn. Wọ́n kó irúgbìn, wọ́n kọjú sí Òkèèrè. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ti sinmi iṣẹ́ fún oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á wá pẹ̀lú téèpù tí wọ́n fi ń wọn èèyàn lọ́rùn, wọ́n á kọ ìlà wọn, wọ́n á lọ. “Ọjọ́ kẹtàdínlógún. Irúgbìn ò tíì bàjẹ́. Mò ń bọ̀.” Nígbà tí òjò gbé afárá ẹ̀yìn ilé wọn lọ, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi wọ́ omi kọjá. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wá kiri.

Wọ́n ní, “Jídé, aṣọ tí mo bá rán lónìí, ẹlòmíràn ló máa wọ̀ ọ́ lọ sóde. Ọkọ̀ yìí, èmi ni mo wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ, mo mọ̀ pé ó ń lọ.”

Ní àkókò kan náà ni Bọ̀dá Lékan ń fi ẹjọ́ sùn mí. Arepo ni Bọ̀dá Lékan ń gbé, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á jáde ní ìdájí, kí wọ́n tó dé, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà ládùúgbò wọn ti tì. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń wá sí Mowe.

“Ọkọ̀ mi mẹ́ta ló ti ṣìnà, Jídé. Mẹ́ta! Ṣé kí n sọ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé mò ń lọ sí Ayé Olómi ni? Ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ mọ Ṣàgámù.”

“Òfin ọ̀gá ni, Bọ̀dá.”

“Ọ̀gá yín kò ṣiṣẹ́ Èkó rí. Ẹni tí kò níṣẹ́ nìkan ló lè ṣe géèmù yín, ẹni tí kò níṣẹ́ ò sì lówó tí yóò fi ṣe é. Ẹ rò ó wò.”

Mo rò ó. Òótọ́ ni. Mo ṣì ń sọ ọ́ dòní pé òótọ́ ni. Eré tí òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀ kò lè ṣe, ta la ṣe é fún? Kì í ṣe Bọ̀dá Lékan nìkan, àwọn bíi mẹ́wàá ni wọ́n ti fi ọkọ̀ sílẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí àwọn tó ń kánjú lọ wọ ọ̀kadà.

Nígbà tó yá, ìyá ọ̀gá mi ṣàìsàn ní Ifo, ọ̀gá mi lọ tọ́jú rẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sí mi lọ́wọ́. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo ṣí ilẹ̀kùn. Ìlà mẹ́rin péré ni mo kọ sínú kọ̀ǹpútà náà. Ẹni tó bá wọ ilẹ̀kùn yẹn láti Ayé Olómi yóò jáde ní ibikíbi tó bá fẹ́, lójú ẹsẹ̀. Ibikíbi ni mo kọ. Àárín Ayé Olómi sí Ayé Agbẹ̀dẹ ni mo ń rò, ọ̀nà àwọn oníṣòwò. Mi ò rántí pé Òkèèrè náà jẹ́ ibikíbi.

Bọ̀dá Lékan rántí. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n pariwo nídìí kọ̀ǹpútà wọn, “Mo ti dé Òkèèrè o!” Ọ̀gá mi ti kọ ọ̀rọ̀ ìkíni kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀, èmi gan-an ò kà á rí. Bọ̀dá Lékan ní ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọjá. “Ta ló máa ra epo lọ́wọ́ mi níbí?” ni wọ́n ń wí.

Àǹtí Ròńkẹ́ wọlé lọ́sàn-án. Ọjọ́ kẹrìndínlógójì wọn ni. Ìròyìn náà ti wà lójú gbogbo kọ̀ǹpútà.

“Jídé, kí ni mò ń kà yìí?”

“Ọ̀nà mìíràn ti là, Àǹtí.”

“Ọ̀nà mìíràn. Láti ìgbà wo?”

“Láti àárọ̀, mà.”

Wọ́n yíjú sí Bọ̀dá Lékan. “Bọ̀dá, ẹ gbé irúgbìn dání?”

“Irúgbìn kẹ̀? Epo ni mo kó.”

Wọn ò jókòó. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ẹ kú iṣẹ́,” wọ́n sì jáde. Wọn ò kọ ìlà ọjọ́ náà.

“Kí ló bí wọn nínú?” ni Bọ̀dá Lékan ń bi mí. “Àbí eré kọ́ ni?”

Ara mi ò balẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó, mo kọ ìtàn tí mo rò pé yóò bo ilẹ̀kùn náà. Mo ní ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwọn àgbà Ayé Olómi ló fi pa mọ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi. Kò sí ọkọ̀ kankan nínú rẹ̀ tó ti rì.

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá mi dé. Wọ́n kà á lórí ìdúró.

“Ta ló fi ilẹ̀kùn pa mọ́?”

“Àwọn àgbà, sà.”

“Nígbà tí ebi ń pa Òkèèrè, tí wọ́n ń ké, ilẹ̀kùn ti wà?”

Mo tún ohun tí mo kọ wò.

“Wọ́n mọ̀ pé ìṣísẹ̀ kan ni. Wọ́n wá ń fi òkèlè sílẹ̀ nínú abọ́.” Ọ̀gá mi jókòó. “Jídé, olóòótọ́ èèyàn ni wọ́n. Wọn ò lè débẹ̀ ni. O ti sọ gbogbo wọn di apànìyàn.”

Títí dòní, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ tó tó ìyẹn nínú iṣẹ́ yìí. Ìrọ̀rùn tí o bá fún ẹni tó ń ṣeré lónìí, yóò padà sẹ́yìn lọ bi àwọn tó ti kú nínú ìtàn léèrè pé kí ló dé tí wọn ò lò ó. Bí o kò bá ní èsì fún wọn, má ṣe é.

Ní àràárọ̀, iṣẹ́ mi ni láti da gbogbo géèmù náà sórí síìdì kan. Ọ̀gá mi mú ti àárọ̀ Sátidé, wọ́n dá gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà kí n tó ṣí ilẹ̀kùn. Gbogbo èèyàn pàdánù ọjọ́ méjì, Bọ̀dá Lékan bú wa títí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Àǹtí Ròńkẹ́ tún wà lójú ọ̀nà, ó ku ọjọ́ márùn-ún.

“Sáré lọ sí Lotto. Sọ fún un pé ọkọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì dé Òkèèrè. Kó tètè wá kọ ìlà rẹ̀ kí ọjọ́ méjì tó pé.”

“Sà, ẹ ò ṣe kúkú dá ọkọ̀ náà dúró dè wọ́n?”

“Ta ló ń dá oòrùn dúró? Lọ.”

Mo lọ. Mo dé iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń tẹ ẹ̀rọ. Lára ògiri lókè orí wọn, mo rí àmì tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ fà, ní márùn-ún márùn-ún. Mo kà á. Márùndínlógójì ni. Mi ò wọlé. Mo ronú pé bí mo bá wọlé, wọ́n á bi mí pé ta ló ṣí ilẹ̀kùn, torí wọn ò mọ̀ pé èmi ni. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán mi, ìtìjú ò jẹ́ kí n jẹ́ ẹ rárá.

“Mi ò bá wọn, sà.”

“O fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀?”

“Mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, sà.”

Ọjọ́ méjì pé, ọkọ̀ náà ṣìnà. Ọ̀gá mi fúnra wọn ló kọ ọ́ sínú ìwé kẹjọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, wọ́n ní ọkọ̀ kẹjọ ti lọ bá àwọn méje. Mo lè di ẹ̀bi ru ọ̀gá mi, kí n ní òfin wọn le jù. Ó le jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ló purọ́.

Àwọn kan rò pé lẹ́yìn náà mo tẹrí ba fún òfin. Rárá o. Mo bá ọ̀gá mi jà fún oṣù mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Lékan, mo sì borí. Àwọn bàbá wa tó ń dáko mọ àáró: a jọ ro oko tèmi lónìí, a ro tìrẹ lọ́la. Mo ní kí ọkọ̀ márùn-ún lè so ara wọn pọ̀, kí atukọ̀ kan kọ ìlà fún gbogbo wọn, kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn lójoojúmọ́. Ọ̀nà ò kúrú ní ìṣísẹ̀ kan, kò sì sí òkú tó lè bi wá léèrè, torí ọkọ̀ méje àtijọ́ ń bá ara wọn díje ni, ìwé kẹta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi wá a yípo fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò rí ihò níbẹ̀. Wọ́n ní, “Hẹ̀n-ẹn.” Oríyìn tí mo gbà láàárín ọdún méje nìyẹn, ó sì tó mi. Bọ̀dá Lékan dé Ayé Agbẹ̀dẹ, wọ́n ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò yí gbogbo wa ká.

Irinṣẹ́ ló padà pa wá. Kọ̀ǹpútà oníkùn ńlá lọ, pẹlẹbẹ dé. Ìwé wa wọ inú kọ̀ǹpútà, èmi ni mo tẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́. Lẹ́yìn náà ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Èèyàn á kọ ìlà rẹ̀ látorí àga ìdáná, kò ní wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Nígbà tó yá, kò tiẹ̀ kọ ọ́ mọ́, torí géèmù aláwòrán ti kún inú fóònù náà. Ọ̀gá mi ta àwọn kọ̀ǹpútà, títí kan ti abẹ́ tábìlì, wọ́n padà sí Ifo. Kò sẹ́ni tó dé Òkèèrè títí a fi pa á.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má bẹ̀rù iṣẹ́ tí kò ní orúkọ. Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe fi mí ṣe. Mo fi ọdún méje ṣọ́ ayé márùn-ún kí irọ́ má bàa wọ̀ ọ́, mi ò tíì rí akọ̀wé báńkì tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹ kàn rí i pé irọ́ ò ti ẹnu yín jáde.

Ní bí oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo bọ́ sílẹ̀ ní Magboro, mo gbọ́ tí ẹnì kan pe orúkọ mi. Àǹtí Ròńkẹ́ ni. Wọ́n ti kó lọ síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wọn ti tóbi, àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló ń tẹ ẹ̀rọ. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Dìde, o ti di géńdé! Géèmù yín ńkọ́?”

“Ó ti kásẹ̀ nílẹ̀, mà.”

“Ẹ̀yà.” Wọ́n ń ká téèpù ọwọ́ wọn, wọ́n ń tú u. “Ọjọ́ márùn-ún ló kù fún mi, ṣé o rántí?”

“Mo rántí, mà.”

“Ọjọ́ yẹn, inú bí mi ni mo ṣe jáde. Mo délé, inú mi rọ̀. Mo ń retí pé ẹ ó ránṣẹ́ sí mi. Mo ní bí wọ́n bá lè ránṣẹ́ sí mi, màá padà. Nígbà tí mi ò rí ẹnikẹ́ni, mo ní ó dáa, wọn ò ka tèmi sí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìwà ọmọdé àgbàlagbà. Kí màmá fún mi o.”

Mo ní wọ́n á gbọ́, mà. Mo ní mọ́tò ń dúró dè mí. Kò sí mọ́tò kankan.

Wọ́n ránṣẹ́ sí yín, Àǹtí Ròńkẹ́. Èmi ni wọ́n rán.